Frank Hornby àti Irin Oníhò Rẹ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1863 ni a bí Frank Hornby ní ìlú Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú èbúté ni Liverpool. Àwọn àgbà Èkó mọ orúkọ rẹ̀ bí ẹni mowó, nítorí pé láti ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ òkun Elder Dempster ti máa ń gbéra wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń kó epo pupa àti èkùrọ́ lọ. Ọmọ tí a bá bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìrí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní etí omi ni kírénì ńláńlá máa ń na ọrùn gbọọrọ, tí wọ́n ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ sí orí ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń tú èéfín lọ, ó ń tú èéfín bọ̀. Síbẹ̀ ilé tí a bí Hornby sí kì í ṣe ilé àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ. Oníṣòwò oúnjẹ ni John Hornby, bàbá rẹ̀, òwò náà ni ọmọ sì bá a ṣe nígbà tí ó yá.

Frank kò pẹ́ ní ilé ìwé. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó fi í sílẹ̀ tí ó di akọ̀wé owó nínú òwò bàbá rẹ̀. Kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀gá kankan, kò sì tẹ ẹsẹ̀ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ó ti ka ìwé kan ní ìgbà èwe rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ sinmi. Samuel Smiles ni ó kọ ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1859. Ìtàn àwọn tálákà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ìforítì pilẹ̀ ohun tuntun ni ó kún inú ìwé náà. Ọmọdékùnrin yìí kà á, ó sì pinnu pé òun náà yóò pilẹ̀ nǹkan kan kí òun tó kú.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó dáwọ́ lé já sí asán. Ó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yí títí ayé láìsí pé ohunkóhun ń tì í. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ mọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè sí, nítorí pé agbára tí a kò fi sínú ẹ̀rọ kò lè ti inú rẹ̀ jáde. Hornby kò ní ẹni tí yóò sọ èyí fún un. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi wá a rí. Ìyà kékeré kọ́ ni èyí fún ọ̀dọ́ tí ó ti fọkàn sí nǹkan, ṣùgbọ́n lẹ́nu irú àdánwò bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ irin gígé àti irin lílu.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1887 ó gbé Clara Godefroy níyàwó. Olùkọ́ ilé ìwé ni ìyàwó yìí. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, Roland àti Douglas, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Patricia. Ní ọdún 1899 bàbá rẹ̀ kú, òwò náà sì kógbá sílé. Frank di ẹni tí ń wá iṣẹ́ nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 36, tí ó ní aya, tí ó ní ọmọ. Ó rí iṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò owó gbà lọ́dọ̀ David Hugh Elliott, ẹni tí ń kó ẹran wọ ìlú Liverpool láti òkè òkun. Bí a bá wo ipò rẹ̀ ní ọdún náà, akọ̀wé lásán ni, irú èyí tí ó pọ̀ bí eéṣú ní ìlú ńlá: ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, ó ń ṣírò owó olówó, ó ń padà sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ tòótọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ibi kékeré kan nílé tí ó ń kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣe ohun ìṣeré fún Roland àti Douglas. Ó ń gé irin pẹlẹbẹ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń lù ú, ó ń fi ṣe afárá, ọkọ̀ akẹ́rù àti kírénì. Inú àwọn ọmọ náà dùn sí i, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí gbogbo ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan rí yóò mọ̀. Irin tí a gé fún afárá kò wúlò fún nǹkan mìíràn àfi afárá. Nígbà tí àwọn ọmọ bá sú fún afárá tí wọ́n fẹ́ kírénì, bàbá gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: ó gbọ́dọ̀ tún wọn irin, kí ó tún gé e, kí ó tún lu ihò sí i. Àwọn ọmọ kàn ń wò ó ni. Ọwọ́ bàbá ń gbọ́n sí i, ọwọ́ àwọn ọmọ kò ṣe ohunkóhun.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni ìdáhùn ti bá a. Ó ń rin ìrìn àjò kan ní àkókò ọdún Kérésìmesì, ọkàn rẹ̀ sì wà lórí kírénì tí ó ń rò láti ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó ti ń ro ti ẹ̀yà kékeré tí ó pọ̀ tí yóò gé, ni ó wá hàn sí i pé kò yẹ kí ẹ̀yà kan jẹ́ ti kírénì nìkan. Bí gbogbo ọ̀pá irin náà bá ní ìbú kan náà, tí a bá sì lu ihò sí wọn lára ní àyè tí ó dọ́gba, a jẹ́ pé èyíkéyìí nínú wọn yóò bá èkejì mu. Bóòtù kan náà yóò wọ gbogbo ihò. Ohun tí ó jẹ́ apá kírénì lónìí lè di ẹsẹ̀ afárá lọ́la, kí ó sì di ara ọkọ̀ lọ́tùn-únla.

Ó délé, ó sì fi ọwọ́ ṣe àwọn ẹ̀yà àkọ́kọ́ láti ara bàbà pẹlẹbẹ. Ìbú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì íǹṣì. Láti àárín ihò kan dé àárín ihò tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdajì íǹṣì bákan náà. Ihò wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ méjì. Bóòtù lè gba inú wọn kọjá láti so irin mọ́ irin. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ yóò máa yí lé lórí náà sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá ti wo bí a ṣe ń fi bíríkì mọ ilé yóò rí i pé ọgbọ́n náà kò ṣòro láti lóye: nítorí pé gbogbo bíríkì dọ́gba ni ọ̀mọ̀lé kan ṣoṣo fi lè kọ́ ilé oríṣiríṣi. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tí ó ti ṣe irin bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé tí ó sì gbajúmọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Láti inú ilé dé ọjà jìnnà púpọ̀. Bí Hornby bá gbé ohun rẹ̀ jáde láìgba ìwé-àṣẹ ìjọba tí ń fi hàn pé òun ni ó pilẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè jí ọgbọ́n náà ṣe. Owó ìwé-àṣẹ náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ Elliott ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó yá £5 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ̀wé béèrè fún ìwé-àṣẹ náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1901. Ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí pé nínú orúkọ tí ó kọ sínú ìwé náà, kò pe é ní ohun ìṣeré nìkan. Ó kọ ọ́ pé ohun ẹ̀kọ́ fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni pẹ̀lú. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti mọ ohun tí òun ń ṣe.

Elliott kò yá a lówó nìkan. Ó fún un ní àyè ní ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì bá a dòwò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà irin fún wọn kì í ṣe é dáradára ní gbogbo ìgbà, àwọn oníṣòwò ohun ìṣeré kò sì yára gba ohun tuntun náà. Páànù tí a ṣẹ́ etí rẹ̀ ni ọ̀pá wọn nígbà náà, kò sì dán lójú bí ọkọ̀ tàbí ọmọláńgidi tí a ti kùn ní ọ̀dà. Bí ọmọ bá ṣí àpótí náà, kò sí ohun ìṣeré kankan nínú rẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ ni yóò bá. Ó ṣòro láti mú kí òbí gbà pé irin wẹ́wẹ́ yìí ni ó tó ra. Nígbà náà ni Hornby lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Hele-Shaw, ẹni tí ń kọ́ni ní ìmọ̀-ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Liverpool. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òfin ìmọ̀-ẹ̀rọ gidi ni ohun ìṣeré yìí ń tẹ̀ lé, ó sì kọ̀wé yìn ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó mọ̀ nípa nǹkan ṣe ohun tí ìpolówó kò lè ṣe.

Ní ọdún 1902 ni àpótí àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjà. Orúkọ tí ó ń jẹ́ nígbà náà ni Mechanics Made Easy, ìwé kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó fi bí a ṣe ń ṣe ohun 12 hàn. Ní ọdún 1903 wọ́n ta àpótí 1,500, síbẹ̀ kò sí èrè. Ọdún 1904 kọjá, ọdún 1905 kọjá. Ní ọdún 1906 ni èrè díẹ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí ó bá rántí pé ọkùnrin yìí ṣì ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lọ́sàn-án, tí ó sì ní ilé bọ́, yóò mọ irú àìsùn tí ó wà nínú ọdún márùn-ún wọ̀nyẹn.

Ọdún 1907 ni ó dá ìgbésẹ̀ tí kò ní àtúnṣe. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà irin fún un kò lè ṣe é tó mọ́, nítorí náà ó fi iṣẹ́ Elliott sílẹ̀, ó gba yàrá iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní òpópónà Duke Street, wọ́n sì yá owó ra ẹ̀rọ. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún náà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yà. Ní oṣù kẹsàn-án ó fi orúkọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba: Meccano. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó dá ilé-iṣẹ́ Meccano sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti là á. Elliott kò bá a wọ inú èyí. Bóyá ó rò pé ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Hornby nìkan ni ó ni í, èrè tàbí gbèsè, orí rẹ̀ ni yóò já sí. Èrè ni ó já sí. Ní ọdún 1912 ó ti ní ilé-iṣẹ́ ní Paris. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, fakitírì ńlá tí ó kọ́ sí Binns Road ní Liverpool ti ń ṣiṣẹ́ ní kíkún.

Kí ni ọmọ ń kọ́ nínú gbogbo èyí? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àpótí Meccano rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe afárá. Ó so ọ̀pá mẹ́rin pọ̀ ní igun mẹ́rin, ó gbé e dìde, ni ó bá ń mì, tí ó ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ó mutí. Ó di bóòtù le sí i, kò gbọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó mú ọ̀pá kan, ó dì í láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́, afárá sì dúró gbọn-in. Kò sí olùkọ́ tí ó sọ fún un pé igun mẹ́ta kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n igun mẹ́rin ń yẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó sọ fún un, kò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́ títí láé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kẹ̀kẹ́ eléyín. Bí kẹ̀kẹ́ tí ó ní eyín díẹ̀ bá ń yí èyí tí eyín rẹ̀ pọ̀, ọmọ náà rí i pé kẹ̀kẹ́ ńlá ń lọ́ra, ṣùgbọ́n ó lágbára láti gbé ohun tí kẹ̀kẹ́ kékeré kò lè gbé. Bí ó bá yí wọn padà, eré di púpọ̀, agbára sì dín kù. Ẹ̀kọ́ tí ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan lójú pátákó ni èyí, ọmọ sì fi ìrọ̀lẹ́ kan kọ́ ọ lórí ilẹ̀ ilé ìyá rẹ̀.

Ohun pàtàkì mìíràn tún wà. Àṣìṣe kò ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí ó gé igi kúrú ti ba igi náà jẹ́. Ẹni tí ó dì irin oníhò sí ibi tí kò yẹ kò ní í ṣe ju kí ó tú u, kí ó sì tún un dì. Ọmọ tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù láti gbìyànjú. Ìwé tí ó wà nínú àpótí sì jẹ́ àwòrán ju ọ̀rọ̀ lọ, tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wá ihò tí bóòtù gbà kọjá. Lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe ohun tí ó wà nínú ìwé tán, àtinúdá tirẹ̀ ló kù. Hornby mọ èyí, nítorí náà ó ń ṣe ìdíje, ó ń fún àwọn ọmọ tí ó bá ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé ní ẹ̀bùn.

Ó gbìyànjú láti mú irin oníhò wọ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ó ṣe àpótí kan tí àwọn olùkọ́ yóò máa fi ṣàlàyé òfin ẹ̀rọ fún kíláàsì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ilé ni, ní ìrọ̀lẹ́ àti ní àkókò ìsinmi, nígbà tí agogo ilé ìwé ti lù tán.

Ní ọdún 1916 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn kan jáde fún àwọn ọmọ tí ó ní Meccano. Kékeré ni ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ju ìpolówó lọ púpọ̀. Nígbà tí ó yá, ó di ìwé tí ọmọ ń retí ní oṣooṣù, tí ó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ́ afárá, bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń rìn, bí a ṣe ń la ọ̀nà sábẹ́ ilẹ̀, àti bí ọkọ̀ òfurufú ṣe ń fò. Ní ọdún 1919 ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí a ń pè ní Meccano Guild. Bí àwọn ọmọ mélòó kan ní àdúgbò bá fẹ́, wọ́n lè kó ara wọn jọ, kí wọ́n wá àgbàlagbà kan tí yóò máa ṣe olórí wọn, kí wọ́n máa pàdé lẹ́yìn ilé ìwé láti ṣe iṣẹ́ papọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ní àmì tí ó ń lẹ̀ mọ́ àyà, ó sì ń ṣe ìlérí láti jẹ́ olóòótọ́ àti ẹni tí ń tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ irú èyí tàn ká ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọmọ tí kò ní ju àpótí kékeré lọ lè dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n da irin wọn pọ̀, kí wọ́n sì ṣe kírénì tí ó ga ju ọmọ lọ.

A kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Oníṣòwò ni Hornby, ó sì mọ owó. Àpótí rẹ̀ ní nọ́mbà; ẹni tí ó ní nọ́mbà kan lè ra àfikún kí ó tó nọ́mbà tí ó tẹ̀ lé e, báyìí ni òbí ṣe ń náwó láti Kérésìmesì kan dé òmíràn. Ọmọ òṣìṣẹ́ kì í ní ju èyí tí ó kéré jù lọ, ọ̀pọ̀ kò sì ní rárá. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọmọkùnrin nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ìpolówó rẹ̀, lára àpótí rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, ọmọkùnrin ni ó ń kọ́ afárá, bàbá ni ó sì ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé àwọn obìnrin pọ̀ lára àwọn tí ń ṣe irin wọ̀nyí ní Binns Road! Ọwọ́ tí ó tó láti ṣe é nínú fakitírì, ó ṣe jẹ́ tí kò tó láti fi í ṣeré nílé? Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin ìgbà náà ni ìbá ti di onímọ̀-ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n.

Ìyókù ìgbésí ayé rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ní ọdún 1920 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Hornby, èyí tí àwọn ènìyàn ṣì mọ̀ títí di òní. Ní ọdún 1934 ọkọ̀ wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní Dinky tẹ̀ lé e. Akọ̀wé àná di olówó ńlá. Ní ọdún 1931 àwọn ará Everton ní Liverpool dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù. Ní ọdún 1935 kò tún du ipò náà mọ́, nítorí ara rẹ̀ kò le. Àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ni ó pa á ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1936. Maghull, lẹ́bàá Liverpool, ni a sin ín sí, Roland ọmọ rẹ̀, ẹni tí a tìtorí rẹ̀ gé irin àkọ́kọ́, sì jókòó sí ipò rẹ̀.

Kí Hornby tó kú ni irin oníhò ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò sí i. Ní ọdún 1933 ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Manchester, Douglas Hartree, lọ sí Amẹ́ríkà láti wo ẹ̀rọ ńlá kan tí Vannevar Bush ṣe, tí ó lè ṣe ìṣirò tí ó le jù fún ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tí ó padà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá a lè ṣe irú rẹ̀ ní kékeré. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Arthur Porter, kó Meccano jọ, wọ́n sì tò ó pọ̀. Iṣẹ́ àwo àti kẹ̀kẹ́ ni. Àwo pẹrẹsẹ kan ń yí, kẹ̀kẹ́ kékeré sì fi etí lé e lórí. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá súnmọ́ àárín àwo, yóò yí díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jìnnà sí àárín, yóò yára. Bí a bá fi ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ eléyín so irú àwo bẹ́ẹ̀ mélòó kan pọ̀, iye ìgbà tí ọ̀pá yí yóò fún wa ní ìdáhùn sí ìṣirò nípa ohun tí ń yí padà láìdúró. Owó tí wọ́n ná lé e kò ju nǹkan bí £20 lọ. Ní ọdún 1934 ó ṣiṣẹ́, ó sì péye tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè lò ó fún ìwádìí nípa átọ̀mù. Ní ọdún 1935 ilé-iṣẹ́ Metropolitan-Vickers ṣe ńlá rẹ̀ fún yunifásítì náà.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe kọ̀ǹpútà bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, nítorí pé yíyí ọ̀pá ni ó fi ń ṣe ìṣirò, kì í ṣe nọ́mbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ kò jìn. Àwọn ará Cambridge náà fi Meccano ṣe tiwọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Maurice Wilkes sì wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, Wilkes yìí kan náà ni ó ṣe olórí àwọn tí ó ṣe EDSAC, kọ̀ǹpútà tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Cambridge ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1949. Ní Kérésìmesì ọdún 1961, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ìlú Prague, Otto Wichterle, mú Merkur ọmọ rẹ̀, èyí tí í ṣe irin oníhò irú ti Hornby tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ wọn, ó fi iná mànàmáná ara kẹ̀kẹ́ ológeere yí i lórí tábìlì ilé rẹ̀, ó sì fi í ṣe awò rírọ̀ tí a ń fi sínú ẹyinjú.

Fakitírì Binns Road ti kógbá sílé láti oṣù kọkànlá ọdún 1979. Irin oníhò náà kò bá a lọ. Lónìí, ní àwọn ibi tí a ti ń kó àwọn ọmọdé jọ lẹ́yìn ilé ìwé láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ya ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ sí ojú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike sì ń tò ó ní ìpele ìpele títí yóò fi di ohun tí a lè dì mú. Kò pọn dandan kí ẹ̀yà náà wà nínú àpótí ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀ bí ọmọ bá fẹ́ kí ohun tí ó yà bá ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí ihò kan yóò ti jìnnà sí èkejì, àwọn kan sì wà tí ń ya ẹ̀yà Meccano tí ó ti sọnù lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìdajì íǹṣì tí Hornby wọ̀n nílé rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn ará Cambridge fi Meccano ṣe, wọ́n tà á sí ilẹ̀ New Zealand ní ọdún 1950. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Auckland, bóòtù rẹ̀ sì ṣì wà nínú ihò wọn.